Ẹrù jìtá tó wọ inú báàgì kan: bí ẹ ó ṣe yàn án fún òde eré

Ọ̀pọ̀ oníjìtá ló máa ń kọ́kọ́ ra pẹ́dáàlì tó wù wọ́n (ẹ̀rọ kékeré tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn jìtá padà), tí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa ronú bí wọ́n ṣe máa gbé e dé òde. Ẹ̀yìn la ti máa bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín: ibi tí ohùn ti ń jáde ló ṣáájú, pẹ́dáàlì tẹ̀ lé e, kí iná tó kàn. Ẹni tí a ní lọ́kàn ni oníjìtá tó ń ṣeré ní òde ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, tó tún ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó ń wọ dáńfó, kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà, tí kò sì ní ọmọṣẹ́ tó máa bá a gbẹ́rù. Òdiwọ̀n wa ni èyí: jìtá kan lẹ́yìn, báàgì kan lọ́wọ́. Báàgì náà kò gbọdọ̀ wúwo ju kìlógíráàmù 4 lọ, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tò tán kí ìṣẹ́jú 10 tó pé.

1. Ẹ mọ ibi tí ohùn yín máa gbà jáde

Ẹ pe sáúńdì ẹnjiníà tàbí ọ̀gá báńdì ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Ẹ bi í ní nǹkan márùn-ún: ṣé ihò kan ṣófo fún jìtá lórí mixer, ẹ̀rọ tó ń pa gbogbo ohùn pọ̀? Ṣé wọ́n ní DI box, àpótí kékeré tó ń sọ ohùn jìtá di èyí tí mixer lè gbà? Ṣé ampilifáyà jìtá máa wà níbẹ̀, irú èwo sì ni? Báwo ni ibi tí ẹ máa dúró sí ṣe jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ki wáyà bọ̀? Iná ìjọba ni wọ́n máa lò, àbí jẹnẹrétọ̀?

Bí wọ́n bá ní Roland JC-120 tàbí Fender Twin Reverb níbẹ̀, ẹ lo tiwọn. JC-120 tó nǹkan bí kìlógíráàmù 28, Twin sì fi díẹ̀ jù ú lọ. Ọlọ́kadà tí orí rẹ̀ pé kò ní gbà láti gbé e. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ òde, inú mixer ni jìtá ń wọ̀ tààrà. Nítorí náà, ẹrù tó lè bá mixer sọ̀rọ̀ láìsí ampilifáyà lẹ gbọ́dọ̀ ní, bí ampilifáyà bá tiẹ̀ máa ń wà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má ki wáyà jìtá bọ inú mixer lásán o. Ohun méjì ló ń ba ohùn jẹ́ níbẹ̀. Pickup jìtá, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì abẹ́ okùn tó ń gbọ́ ohùn, ń fẹ́ ihò tí ìdènà rẹ̀ (impedance) tó 1 MΩ (mílíọ̀nù kan ohm), bẹ́ẹ̀ ihò line ti mixer kì í sábà ju nǹkan bí 10 kΩ (10,000 ohm) lọ. Ìdènà tó kéré báyìí á fa pickup wálẹ̀, ohùn òkè á kú, jìtá á wá máa dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Èkejì ni ti sípíkà. Sípíkà inú ampilifáyà jìtá kì í gbé ohùn tó ga ju nǹkan bí 5 kHz lọ jáde dáadáa, ṣùgbọ́n sípíkà ńlá òde ń gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá tan overdrive (èyí tó ń mú kí ohùn jìtá fọ́ díẹ̀) láìsí ohun tó ń ṣe iṣẹ́ sípíkà jìtá, ariwo ṣíríṣírí tó ń gún etí ni àwọn àlejò máa gbọ́.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà láàárín jìtá àti mixer nígbà náà: ihò tó bá pickup mu, cabinet simulator tó ń dún bíi sípíkà jìtá, àti ihò XLR (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi ti wáyà máíkì) tàbí DI tó lè gbé ohùn lọ sí ọ̀nà jíjìn láìkó ariwo. Ẹ̀rọ kan lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí tiyín kò bá ní XLR, ẹ ra DI box kékeré tó ní bọ́tìnnì ground lift (tó ń pa ariwo kíkùn). DI aláìlo-iná tó fún irinṣẹ́ yìí, nítorí pé pẹ́dáàlì tó ṣáájú rẹ̀ ti fún ohùn lágbára.

Níbi tí kò bá ti sí mixer rárá, bíi ìpàdé ẹbí tàbí ìdúpẹ́ nínú pálọ̀, ampilifáyà oníbátìrì ló yẹ. Boss Katana Mini ń lo bátìrì AA mẹ́fà, agbára rẹ̀ sì jẹ́ wọ́ọ̀tì 7. Roland Cube Street náà ń lo AA mẹ́fà, ó sì tún ní ihò máíkì. Àwọn méjèèjì tó fún yàrá tí èèyàn bí ọgbọ̀n jókòó sí. Bí gángan bá ti wọlé, tàbí drum set, a kò ní gbọ́ wọn mọ́.

2. Pátákó kan ṣoṣo, àbí pẹ́dáàlì kéékèèké?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ẹrù jọ, multi-effects, pátákó kan tó kó ọ̀pọ̀ pẹ́dáàlì pọ̀ sínú ara rẹ̀, la máa sọ pé kó rà. Ohun tó dáa nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kan, adápítọ̀ kan àti wáyà méjì péré ni gbogbo ẹrù. Zoom G1 Four àti Boss GT-1 ń lo bátìrì AA mẹ́rin, èyí tó túmọ̀ sí pé bí iná òde bá kú, ohùn yín kò ní kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gba bátìrì alkaline tàbí èyí tó ṣeé gba iná padà. Àwọn olówó pọ́ọ́kú inú ọjà á ti rẹ̀ kí orin kẹta tó parí. Line 6 HX Stomp dára jù wọ́n lọ ní ohùn, ó sì wọ inú àpò iwájú báàgì jìtá, ṣùgbọ́n 9 fólítì ní ámípíà 3 ni adápítọ̀ tirẹ̀ ń gbé. Kò lo bátìrì, adápítọ̀ pẹ́dáàlì lásán kò sì lè gbé e. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ tọ́jú adápítọ̀ rẹ̀ bí ojú.

Àbùkù multi-effects ni pé bí ó bá bàjẹ́ lórí ìtàgé, gbogbo nǹkan ló bàjẹ́. Ẹni tó bá yan pẹ́dáàlì kéékèèké lè yọ èyí tó dákẹ́ kúrò, kó sì máa bá eré lọ.

Bí pẹ́dáàlì lẹ bá yàn, márùn-ún tàbí mẹ́fà tó gbogbo iṣẹ́ jùjú, highlife àti orin ìyìn. Ẹ tò wọ́n báyìí: túnà, compressor (tó ń mú kí agbára ohùn dọ́gba), overdrive, delay (tó ń tún ohùn sọ), reverb (tó ń mú kí ohùn dún bíi inú gbọ̀ngàn), kí pẹ́dáàlì tó ń ṣe bí ampilifáyà wà níkẹyìn. Túnà ló ń ṣáájú kí ó lè gbọ́ ohùn jìtá kí ohunkóhun tó kàn án, òun náà lẹ ó sì máa fi pa ohùn nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ jìtá. Bí overdrive bá wà lẹ́yìn delay, gbogbo àtúnsọ á dà pọ̀ di rúdurùdu. Fún jìtá jùjú, compressor àti delay lẹ máa lò jù. Overdrive lè wà nílé.

Delay gbọ́dọ̀ bá ìlù rìn. Ẹ fi iye ìlù inú ìṣẹ́jú kan pín 60,000, ohun tí ẹ bá rí ni iye milliseconds fún ìlù kan. Bí orin bá ń lọ ní 120, ìlù kan jẹ́ 500 ms. Ẹ gbé delay sí 375 ms bí ẹ bá fẹ́ kí àtúnsọ náà máa bọ́ sáàárín ohùn tí ẹ ń ta. Àtúnsọ méjì sí mẹ́ta ti tó. Bọ́tìnnì tap tempo, èyí tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ bá ìlù kí delay lè bá a rìn, ṣe pàtàkì ju bọ́tìnnì mẹ́wàá mìíràn lọ, torí onílù kì í dúró lójú kan tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í nọ́wó.

3. Iná

Ibí ni ẹrù ọ̀pọ̀ oníjìtá ti ń bàjẹ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Pẹ́dáàlì tó wọ́pọ̀ ń lo 9 fólítì DC, pẹ̀lú òdì, ìyẹn àmì −, ní àárín ihò, àmì + ní ìta. Ẹ wo àwòrán róbótó kékeré lára pẹ́dáàlì, kí ẹ sì wo ti adápítọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu. Adápítọ̀ 12 fólítì ti ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù Yamaha ní àmì + ní àárín, ẹnu rẹ̀ sì jọ ti pẹ́dáàlì. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí adápítọ̀ mẹ́rin ti wà nínú àpótí kan náà, bí pẹ́dáàlì ṣe ń jóná nìyẹn. Ẹ fi téèpù pupa we tiyín.

Bí ẹ bá ní mítà, ẹ fi wáyà dúdú rẹ̀ kan àárín ẹnu adápítọ̀, kí ẹ fi pupa kan ìta. Bí ó bá kọ nǹkan bí 9 láìsí àmì òdì níwájú, ó tọ̀nà. Bí adápítọ̀ tí wọ́n kọ 9V sí bá ń kọ 12 sí 14 nígbà tí kò gbé nǹkan kan, irú tí kò lè ṣàkóso iná rẹ̀ ni. Ẹ má lò ó fún delay tàbí ohunkóhun oní-digital.

Ìṣirò mA (mílíámípíà, ìwọ̀n iná tí pẹ́dáàlì ń fà) ló kàn. Iye mA tí pẹ́dáàlì kọ̀ọ̀kan ń jẹ wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí nínú ìwé rẹ̀. Ẹ ró wọn pọ̀, kí ẹ fi ìdá mẹ́rin kan kún un. Bí àpẹẹrẹ: túnà 40, compressor 10, overdrive 10, delay 75, reverb 100, ampilifáyà àfarawé 15. Àpapọ̀ jẹ́ 250 mA. Fi 63 kún un, ó di 313. Adápítọ̀ 500 mA máa gbé e tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Mílíámípíà tó pọ̀ jù kò lè pa pẹ́dáàlì lára, torí ìwọ̀nba tó bá fẹ́ ló máa fà. Fólítì tó pọ̀ jù ló ń pa á.

Wáyà tó pín iná adápítọ̀ kan sí pẹ́dáàlì mẹ́fà kò wọ́n, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ohùn tín-ín-rín tó ń sunkún lábẹ́ jìtá, pẹ́dáàlì digital ló ń da ariwo rẹ̀ sínú iná tí àwọn yòókù ń mu. Ẹ fún delay àti reverb ní iná tiwọn, tàbí kí ẹ ra pówà sọ́pláì tí ihò kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dá dúró.

Ní ti tòkunbọ̀: ẹrù tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń jẹ́ 120 fólítì, iná tiwa sì jẹ́ 230. Ẹ ka ara adápítọ̀ dáadáa kí ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá kọ INPUT 100–240V 50/60Hz sí i, kò sí wàhálà, irú yìí náà ló sì máa ń fara da jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ fi í sílẹ̀ fún olùtajà. Tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò níṣòro yìí, ẹnu rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà sì bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu. Bí eré bá gbé yín dé Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, ẹnu ẹlẹ́sẹ̀ méjì róbótó ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ẹ mú ẹnu àfikún kan dání.

Pówà báǹkì lè gbé gbogbo pátákó yìí, bí ẹ bá ra wáyà USB tó ń sọ 5 fólítì di 9. Pówà báǹkì 10,000 mAh jẹ́ nǹkan bí 37 Wh (wọ́ọ̀tì-wákàtí) nínú, torí 3.7 fólítì ni wọ́n fi ń ka mAh rẹ̀. Ẹ yọ ohun tó ń ṣòfò nínú ìyípadà, ó ku nǹkan bí 30. Àpẹẹrẹ wa òkè yẹn ń jẹ 9 × 0.25, ìyẹn wọ́ọ̀tì 2.25, nítorí náà ó lé ní wákàtí 12. Ìyẹn ju àṣemọ́jú lọ, bí mAh tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́. Nínú ọjà ayédèrú, kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ dán an wò nílé fún wákàtí mẹ́fà gbáko. Ohun méjì míì wà láti ṣọ́: àwọn kan máa ń pa ara wọn bí ohun tí wọ́n ń gbé bá kéré jù, àwọn wáyà USB kan sì ń mú ohùn tín-ín-rín tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wá. Ẹ má sì gba iná sínú pówà báǹkì nígbà tó ń gbé pẹ́dáàlì. Tí ẹ bá ń wọ bàálù lọ ṣeré, inú báàgì ọwọ́ ló ń wà, kì í wọ ẹrù abẹ́. 37 Wh kò sì tó 100 Wh tí wọ́n fi ṣe òpin.

4. Pátákó àti wáyà

Pátákó tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù dára, àmọ́ káfíńtà lè gé plywood oní-mílímítà 12 fún yín, kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45, kó fẹ̀ ní 14, kó kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sábẹ́ kí ẹ̀yìn ga díẹ̀ ju iwájú. Ẹ fi velcro lẹ̀ wọ́n: apá tó rọ̀ sórí pátákó, apá tó le sábẹ́ pẹ́dáàlì. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ fi ọtí spírítì ilé ìwòsàn nu abẹ́ pẹ́dáàlì, torí ọ̀rá ọwọ́ àti oòrùn inú bọ́ọ̀sì ló ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù ṣí.

Pẹ́dáàlì Boss fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7.3, àwọn kékeré sì fẹ̀ ní nǹkan bí 4.2. Jáàkì ẹ̀gbẹ́ ń gba nǹkan bí 2.5 láàárín pẹ́dáàlì méjì. Pátákó 45 máa gba Boss mẹ́rin, tàbí kékeré méje. Ìyàtọ̀ náà pọ̀, ṣùgbọ́n pẹ́dáàlì kékeré kì í sábà ní àyè fún bátìrì, ẹsẹ̀ tó wọ bàtà ìnáwó sì máa ń tẹ méjì pọ̀. Ẹ gbé èyí tí ẹ ń tẹ̀ jù sí ìgun ọ̀tún tàbí òsì, kí ẹ sì ká etí agbádá sókè.

Wáyà jìtá: mítà 3 sí 5, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà ń jẹ ohùn òkè, nǹkan bí 100 pF (picofarad, ìwọ̀n capacitance wáyà) fún mítà kọ̀ọ̀kan. Mítà 10 ti di 1,000 pF, ẹ máa gbọ́ ọ. Láti pátákó lọ sí mixer, XLR ni kí ẹ fi gùn ún, ìyẹn lè gun mítà 20 láìsí ìṣòro. Ẹ mú jìtá wáyà kan àti wáyà kúkúrú kan ṣe àfikún nígbà gbogbo. Ohun tó ń dákẹ́ lórí ìtàgé, wáyà ló máa ń jẹ́ jù, pẹ́dáàlì kì í fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́.

Ẹ̀rọ aláìlowáyà 2.4 GHz kò burú, àmọ́ gbọ̀ngàn tó kún fún Wi-Fi máa ń jẹ́ kí ohùn máa já. Bluetooth kò ṣeé lò rárá. Ohùn máa ń pẹ́ lọ́nà débi pé ìlù á ti kọjá kí jìtá tó dún.

5. Jìtá fúnra rẹ̀

Jìtá aláìlórí, irú èyí tí Steinberger sọ di mímọ̀, kúrú púpọ̀ kò sì já ohùn lulẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ń lo okùn tó ní bọ́ọ̀lù ní ìdí méjèèjì, èyí tí ẹ kò ní rí ní gbogbo ìlú. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Bí orí bá wà lára tiyín, báàgì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2, tó sì ní ìtìlẹ́yìn fún ọrùn, lẹ fẹ́. Lórí ọ̀kadà, ẹ gbé e kọ́rùn.

Pickup single coil (tí wáyà kíká rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan) dùn fún jùjú, ṣùgbọ́n ó ń kó ariwo jẹnẹrétọ̀ àti iná ìtàgé. Bí ó bá ń kùn, ẹ yí ara yín díẹ̀díẹ̀. Ibì kan wà tí ariwo náà máa ń rọlẹ̀. Ẹni tó ń ṣeré ní òde oníná púpọ̀, humbucker (pickup tó ń pa ariwo kíkùn) ló máa fún un ní àlàáfíà. Ẹ mú okùn jìtá 10–46 (ìwọ̀n ìnípọn wọn) odindi kan dání, kí ẹ fi okùn kìn-ín-ní, ìyẹn .010, méjì kún un, torí òun ló ń já jù.

6. Nígbà tí ẹ bá dé òde

Ẹ to pátákó, ẹ ki wáyà bọ̀, ẹ tan iná, ẹ fi túnà pa ohùn, kí ẹ tó sọ fún ẹnjiníà pé kó ṣí ojú yín, ìyẹn ihò jìtá yín lórí mixer. Bí ó bá ṣí i kí ẹ tó ki wáyà, gbàgà tó máa dún lè ya sípíkà. Ta jìtá bí ẹ ṣe máa ta á ní ibi tó le jù nínú orin, kí ó gbé ìpele rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gé ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ nǹkan bí 100 Hz kúrò. Nínú báńdì tí jìtá mẹ́ta ti ń dá ara wọn lóhùn, ilé báàsì àti gángan nìyẹn.

Bí ó bá ń kùn húùù, ẹ tẹ ground lift ara DI. Bí kò bá lọ, ẹ gbé adápítọ̀ lọ sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà tí mixer ti ń mu iná. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta ẹnu wáyà láéláé, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ. Ẹni tó ń kọrin tó tún ń ta jìtá lè gba iná lẹ́nu bí okùn jìtá àti máíkì bá ń gba ilẹ̀ (earth iná) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ètè tó kan máíkì, ẹ fi mítà wọn láàárín okùn jìtá àti irin máíkì, ní AC. Bí ó bá kọ ju fólítì díẹ̀ lọ, ẹ pe oníná.

Bí ohùn bá dákẹ́ pátápátá, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ́tìnnì. Ẹ ki jìtá bọ pẹ́dáàlì tó kẹ́yìn tààrà. Bí ó bá dún, ẹ padà lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú títí ẹ ó fi bá èyí tó dákẹ́. Bí kò bá dún, wáyà jìtá, iná, pẹ́dáàlì yẹn fúnra rẹ̀ tàbí wáyà tó lọ sí mixer ló ń ṣe é.

Nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ mọ́, ẹ sọ pé kí ẹnjiníà pa ojú yín kí ẹ tó yọ nǹkan kan. Ẹ ká wáyà ní róbótó, ẹ má fi we ìgbọ̀nwọ́. Bí pẹ́dáàlì kan bá ní bátìrì 9 fólítì nínú, ẹ yọ jáàkì kúrò nínú ihò input rẹ̀ kí ẹ tó di báàgì: jáàkì tó wà níbẹ̀ ló ń tan iná rẹ̀, yálà ẹ tẹ̀ ẹ́ tàbí ẹ kò tẹ̀ ẹ́, bátìrì náà á sì máa tán lọ.